Ewé Tòmátò Tó Jẹ́rìí

Ewé tòmátò ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé wọ́n ń parọ́ mọ́ Tíṣà Títílayọ̀. Kì í ṣe èèyàn. Gbogbo èèyàn tó wà ní àdúgbò Dióbù lọ́sẹ̀ yẹn ló ti dá obìnrin náà lẹ́bi kí n tó fojú kàn án. Ewé ní tirẹ̀ kò mọ Kápúténì, kò mọ Ìnsípẹ́kítọ̀, kò sì sí ẹni tó lè halẹ̀ mọ́ ọn.

Èmi ni Kọ́púrà Bọ́sẹ̀dé Dúrósinmí, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá Pọtakọ́tì. Ìlú náà ni wọ́n bí mi sí. Rélùwéè ló gbé bàbá mi débẹ̀. Ọdún 1969 lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ogun ò tíì parí, sójà ló ń pàṣẹ nílùú, àwa ọlọ́pàá wá dà bí àlejò nínú ilé ara wa. Àwọn ọkùnrin àgọ́ wa a máa sọ pé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kì í ṣe tobìnrin. Èmi a ní kí wọ́n lọ bi àwọn olè tí mo ti mú léèrè.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Sójà kan tó ń jẹ́ Tàófíìkì mu ọtí lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun mọ́, kò ríran mọ́, kò sì pẹ́ tó fi kú. Dókítà ní sípírítì ni wọ́n lú mọ́ ọtí náà, irú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń nu ara kí wọ́n tó gúnni lábẹ́rẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, Ọ̀gbẹ́ni Olúwọlé rìn wọ àgọ́ wa, ó fi aṣọ ìnujú funfun nu iwájú orí. Bàbá Ìjọ ni gbogbo wa ń pè é. Òun ló ń bójú tó ilé alájà kan ní Dióbù fún onílé tó sá lọ nígbà ogun, òun náà ló sì ń gbé búrẹ́dì àti ẹ̀wà lọ fún àwọn sójà ní bárékè. Ó ní kí Ọlọ́run má ṣàì dárí ji òun, ṣùgbọ́n tíṣà tó ń gbé lókè ilé náà ń se ògógóró nínú yàrá rẹ̀.

Ọ̀gá mi, Ìnsípẹ́kítọ̀ Akínfẹ́nwá, dìde fùú. Wọ́n dé yàrá, wọ́n bá ìgò, wọ́n bá rọ́bà, yàrá sì ń rùn bí ìdí ọ̀pẹ. Ọ̀gá ní kí Bàbá Ìjọ dúró nísàlẹ̀. Ó bu díẹ̀ nínú ìgò kọ̀ọ̀kan fún àwọn ilé ìwòsàn, ó ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì mú Tíṣà Títílayọ̀ bó ṣe ń sọ̀ nínú lọ́rì tó gbé e bọ̀ láti Isiokpo, ìlú àwọn àgbẹ̀ kan lẹ́yìn Pọtakọ́tì. Kápúténì tó ń pàṣẹ ní àdúgbò wa ní òun á wá gbé e lọ́jọ́ Ẹtì, kí ó lọ jẹ́jọ́ lọ́dọ̀ àwọn ológun. Kò sí lọ́yà níbẹ̀, kò sí ẹ jọ̀ọ́. Ìbọn ni wọ́n fi ń parí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú ni mo lọ bá a nínú sẹ́ẹ̀lì. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó wé gèlè rẹ̀ dáadáa, àfi bí ẹni tó ń retí àwọn òbí ọmọ ilé ìwé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú."

"Ìrọ́jú wo? Mi ò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó tì mí mọ́lé ni kó máa rọ́jú."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa mí, mo gbé e mì. "Ẹ ṣàlàyé ìgò yẹn fún mi."

"Mo ti ṣàlàyé fún ọ̀gá rẹ. Ó ní òun ò ráyè ìwé kíkà."

"Èmi ráyè."

Ó wò mí látòkè délẹ̀, bíi pé ó fẹ́ mọ kíláàsì tó yẹ kó fi mí sí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

"Ewéko ń jẹun nínú afẹ́fẹ́. Èémí tí èmi àtìwọ ń mí síta yìí, oúnjẹ wọn ni. Bí mo bá rí ilẹ̀ níta ni, kò sí wàhálà. Afẹ́fẹ́ ìta kì í tán. Ṣùgbọ́n mọ́tò sójà ló kún àgbàlá wa. Ohun tí táyà ò bá tẹ̀, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́, èyí tí ewúrẹ́ ò bá jẹ, èèyàn á jí i. Mo wá kó àwo fèrèsé tí bọ́ǹbù fọ́, mo fi kan àpótí onígíláàsì, mo gbé e sídìí fèrèsé nínú yàrá mi. Tòmátò àti ata ni mo gbìn sínú rẹ̀. Wọ́n hù dáadáa, nígbà tó yá wọ́n dúró sójú kan. Wọ́n ti jẹ oúnjẹ inú afẹ́fẹ́ àpótí tán. Ó di dandan kí n máa bọ́ wọn."

"Ẹ wá ń fi ọtí bọ́ wọn?"

"Èémí ọtí. Mo gún èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó pọ̀ mọ́ ìrèké, mo da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu lé e, mo rọ ọ́ sínú ìgò ńlá. Ohun tó bá ń kan ń mí, Kọ́púrà. Ṣé o ò rí ẹmu tó ń hó tó ń ti ìdérí sókè ni? Èémí rẹ̀ nìyẹn. Rọ́bà kan gbé èémí náà lọ sínú ìgò kékeré tí omi wà, kí n lè máa rí i bó ṣe ń hó kùlú-kùlú, kí n mọ̀ pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Rọ́bà kejì gbé e láti ibẹ̀ lọ sínú àpótí. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Nínú ìgò kékeré yẹn, omi lásán ni?"

"Omi ẹ̀rọ. Kí ló tún fẹ́ wà níbẹ̀?"

Èsì ilé ìwòsàn ti dé láàárọ̀ ọjọ́ náà, èmi àti ọ̀gá mi nìkan la sì mọ̀ ọ́n. Kò sí májèlé kankan nínú ìgò ńlá. Inú ìgò kékeré ni ògógóró onísípírítì wà.

"Ta lẹ ń tọ́ irúgbìn yẹn fún?"

"Àwọn obìnrin Isiokpo. Ogun jó oko wọn, wọn ò rí ohun gbìn. Àná tí wọ́n mú mi, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń bọ̀, wọ́n ti kọ ebè sílẹ̀ dè mí." Ó fọwọ́ tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Kí wọ́n má rò pé mo purọ́ fún wọn."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù ọjọ́ Ẹtì ò bà yín?"

"Ó ń bà mí gan-an. Wọn ò kàn ní rí i lójú mi ni." Ó fà mọ́ irin sẹ́ẹ̀lì. "Ohun kan ni kí o ṣe fún mi. Ìgò yẹn ò ní pẹ́ dákẹ́ bí ẹnikẹ́ni ò bá fún un lóúnjẹ. Lọ bá mi mí sí àwọn irúgbìn yẹn. Ṣí ilẹ̀kùn àpótí díẹ̀, mí sí i, kí o pa á dé."

"Èmi? Kí n máa mí sí tòmátò?"

"Ṣé wọ́n ti fòfin de èémí náà ni?"

*

Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, mo gun òkè ilé náà lọ. Yàrá kan ṣoṣo ni. Bẹ́ẹ̀dì wà lápá kan, tábìlì lápá kejì, sítóòfù tó fi ń dáná wà lábẹ́ tábìlì. Orí tábìlì ni ìgò ńlá dúró sí, ìfófòó ga dé ọrùn rẹ̀. Ìgò kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun inú rẹ̀ mọ́ gaara bí omi, ó sì ń hó kùlú, kùlú. Rọ́bà gba inú rẹ̀ kọjá sínú àpótí onígíláàsì tó wà lójú fèrèsé.

Mo bẹ̀rẹ̀ wo inú àpótí. Ẹ wò ó, mo ti rí tòmátò rí, ṣùgbọ́n irú àwọn tí mo rí níbẹ̀ yẹn, wọ́n sanra, wọ́n dúdú minimini, wọ́n ń ti ara wọn. Ewé mẹ́ta péré ni kò dáa. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà lẹ́nu rọ́bà gan-an, wọ́n rọ, etí wọn jó bí ewé tí wọ́n nà sí iná. Mo fi imú sẹ́nu rọ́bà. Òórùn ilé ìwòsàn kọ lù mí.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Ìgò ńlá ń mí, èémí rẹ̀ ń gba inú ọtí onísípírítì kọjá, ó ń gbé oró náà lọ bá ewé. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ ti pẹ́ tí sípírítì ti wà níbẹ̀, ewé kan kì bá má ṣẹ́ kù nínú àpótí yẹn. Ewé mẹ́ta ló jó, àwọn tó kù ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó da nǹkan yẹn síbẹ̀, kò tíì pẹ́ tó dà á. Tíṣà sì ti wà ní Isiokpo láti àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sì padà wọ yàrá náà kí wọ́n tó mú un.

Mo yọ rọ́bà kúrò. Mo dé ìgò kékeré lẹ́nu, mo gbé e pa mọ́ sínú àpò mi gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Mo wá ìgò mìíràn tó jọ ọ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo pọn omi ẹ̀rọ sí i, mo gbé e sípò rẹ̀, mo sì dá rọ́bà padà sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹnikẹ́ni ń wò mí, mo ṣí àpótí náà, èmi ọmọ Dúrósinmí, mo mí sí tòmátò.

*

"Ewé?" Ọ̀gá mi gbé fìlà rẹ̀ sórí tábìlì. "Ewé lo fẹ́ gbé lọ bá Kápúténì?"

"Bí èèyàn bá ń parọ́, ọ̀gá, ewé náà ni mo máa gbé lọ."

"Bọ́sẹ̀dé, gbọ́ mi. Kápúténì ń wá ẹni tó pa sójà rẹ̀. A ti bá májèlé ní yàrá obìnrin. Fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀."

"Mi ò ní fi í sílẹ̀."

"Àṣẹ ni!"

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo ṣe oríkunkun, màá fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yìnbọn pa obìnrin yẹn, tí òótọ́ wá jáde lẹ́yìn, ta ni Kápúténì máa ní ó tan òun?"

Ọ̀gá mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn fẹ́ràn kí gbogbo nǹkan tètè parí ni.

"Bó bá jẹ́ ẹlòmíì ni," ó ní, "a jẹ́ pé Ibiere ni. Òun ló ń ta gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu fún tíṣà. Kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ó ń se ògógóró."

Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Ibiere, obìnrin Kalabari tó ń gbé lẹ́bàá omi, mọ ọtí bí ẹja ṣe mọ odò. Inú mi tiẹ̀ dùn. Mo rò pé mo ti rí ẹni tí mò ń wá. Àfi ìgbà tí mo béèrè ibi tó wà, tí wọ́n ní àwọn sójà ti tì í mọ́ bárékè láti ọjọ́ Àìkú nítorí ògógóró tí wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀. Tàófíìkì ò tíì mutí, Ibiere ti wà látìmọ́lé. Wọ́n sì ti da gbogbo ọtí rẹ̀ sódò níṣojú rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi yá a lọ́wọ́ àwọn sójà ná," ni mo wí. "Mo fẹ́ kó wo nǹkan kan fún mi. Ẹ sì má sọ fún ẹnikẹ́ni nípa ìgò tí wọ́n ti bá májèlé. Ẹnikẹ́ni o."

Ọjọ́bọ̀ ni mo mú Ibiere gun òkè. A ti mọra láti kékeré, pijin la máa ń sọ síra wa. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ara rẹ̀, ó ń bú àwọn sójà.

"Ibiere, abeg, where the drink dey?"

Kò tiẹ̀ rò ó. Ọwọ́ rẹ̀ lọ tààrà sí ìgò kékeré. "No be there e dey drop?"

Mo ní ẹjọ́ Tíṣà ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó wá sún mọ́ tábìlì, ó wo ìgò ńlá, ó fọwọ́ pa ìdí rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín débi tó fi jókòó sílẹ̀.

"Bọ́sẹ̀! Who dey cook kaikai inside glass? You wan put bottle for fire? E go burst kill everybody! Look the bottom, e clean like plate. This thing never see fire since dem born am." Kaikai lòun ń pe ògógóró.

"Then why your hand first go the small one?"

"Na my hand go by himself. Person wey dey cook am, na where e dey drop im eye dey go."

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tíṣà. Ẹ bá mi rò ó. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ọtí sísè, tó fẹ́ kó bá obìnrin yìí, inú ìgò ńlá ni ì bá da májèlé sí, nítorí òun ló ń rùn, òun ló ń yọ ìfófòó. Ọ̀gá mi fúnra rẹ̀, ìgò ńlá ló sáré sí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ti kékeré, ó kàn bu díẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n má bàa ní ó gbàgbé ni. Tíṣà ò lè dà á sí kékeré, àyàfi tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ pa irúgbìn tó ń tọ́. Ẹni tó máa sáré wọlé, tó máa rí ìgò méjì àti rọ́bà àti sítóòfù lábẹ́ tábìlì, tí ọwọ́ rẹ̀ á lọ síbi tó rò pé ọtí ń kán sí, asè-ògógóró ni. Bí kì í bá ṣe ìkánjú, òun náà ì bá rí ohun tí Ibiere rí.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ní kọ́kọ́rọ́ kejì yàrá yẹn.

Mo bá Bàbá Ìjọ nísàlẹ̀, ó ń kọ orin ìsìn sábẹ́ imú, ó ń ka búrẹ́dì sínú àpò.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin lẹ ṣílẹ̀kùn fún ọ̀gá mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?"

"Èmi ni, ọmọ mi. Mo tilẹ̀ ṣáájú wọn délé láti ṣí i, kí wọ́n má bàa dúró nínú oòrùn."

"Ẹ ṣeun. Ẹ rí bí ọtí náà ṣe wà?"

"Èmi? Ọtí kò kan ètè mi rí! Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sè é, Olúwa má jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n."

"Àmín, Bàbá. Ẹ wá bá wa lókè lọ́la nígbà tí Kápúténì bá dé. Ẹlẹ́rìí wa ni yín."

"Tayọ̀tayọ̀," ó ní, ó sì ń bá orin rẹ̀ lọ.

*

Kápúténì dé lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì pẹ̀lú ọkọ̀ tí wọ́n máa fi gbé tíṣà lọ. Ọmọ Ọ̀fà ni, gíga bí òpó, kò sì fẹ́ àròyé. Wọ́n mú Tíṣà Títílayọ̀ wọ yàrá rẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. Ojú àpótí onígíláàsì ló kọ́kọ́ wò. Ó ka irúgbìn lójú, ó mí kanlẹ̀, ó wá kọjú sí wa bíi pé àwa la wá jẹ́jọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Kọ́púrà, ṣe kíá," ni Kápúténì wí.

"Sà, ẹ bá mi tọ́ka sí ibi tí ọtí wà nínú yàrá yìí."

Ó fa imú, ó bojú jẹ́, ó tọ́ka sí ìgò ńlá. "Ṣé imú mi ti dí ni?"

"Rárá, sà. Ilé ìwòsàn ti yẹ ìgò ńlá náà wò dáadáa. Èsì ti dé." Mo gbóhùn sókè. "Kò sí májèlé kankan nínú rẹ̀. Kò sí sípírítì. Bọ́rọ̀ bá rí báyìí, sà, a ò rí nǹkan kan tí a lè fi di obìnrin yìí mú. Ó yẹ kó máa lọ."

Ọ̀gá mi la ẹnu, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, ó pa á dé.

Bàbá Ìjọ wo Kápúténì, ó wò mí, ó fi aṣọ ìnujú nu ọrùn. Kápúténì ti ń yíjú sí ilẹ̀kùn.

"Ẹ dákun," ni Bàbá Ìjọ wí. "Ṣé wọ́n yẹ ti kékeré wò?"

"Ti kékeré kẹ̀, Bàbá? Ẹ̀gbọ́n ti ní omi lásán ni."

"Irọ́ ló ń pa! Ńlá kọ́ ni kí ẹ máa wò! Ti ńlá ni wọ́n ń sè, inú kékeré ni ọtí ń kán sí! Ibẹ̀ ni ó wà! Ẹ wò ó dáadáa!"

Ẹnu òrofó ní í pa òrofó.

Mo gbé ìgò kékeré, mo ṣí i, mo gbé e sẹ́nu. Ọ̀gá mi kígbe, sójà ẹnu ọ̀nà fò sí mi. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo ti mu ún tán, mo sì ti nu ẹnu.

"Omi ẹ̀rọ ni," mo ní. "Èmi ni mo pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó ní májèlé wà ní àgọ́, inú ìgò kékeré ni ilé ìwòsàn ti bá a lóòótọ́. Àṣírí yẹn, èmi àti ọ̀gá mi nìkan la mọ̀ ọ́n. Kápúténì, tó ń mu ọtí lójoojúmọ́ (ẹ má bínú, sà), ìgò ńlá lẹ tọ́ka sí. Bàbá Ìjọ, tí ọtí kò kan ètè wọn rí, àwọn ló mọ̀ pé inú kékeré ló ń kán sí. Bàbá, ta ló kọ́ yín?"

"Gbogbo èèyàn ló mọ̀... ohun tí ayé ń sọ..."

"Asè-ògógóró ló ń sọ ọ́. Ẹ rí ìgò méjì, ẹ rí sítóòfù, ẹ rò pé ògógóró ni wọ́n ń sè níbí, ẹ da ti yín sí ibi tí ẹ máa ń gbé ìgò sí nílé yín. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń se ògógóró nínú gíláàsì, Bàbá. Omi ni obìnrin yìí ń fi síbẹ̀. Ẹ lọ da sípírítì sẹ́nu àwọn ewé, àwọn ewé sì fẹjọ́ sùn."

Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ kọ̀. Kápúténì fi orí ṣe àmì sí àwọn sójà rẹ̀, wọ́n sì ti Bàbá Ìjọ síwájú, a tọ̀ wọ́n lọ sí yàrá tó ń kó ẹrù sí nísàlẹ̀. Lábẹ́ àpò búrẹ́dì la ti bá páìpù bàbà tó lọ́ yípo, dúdú fún iná. Lẹ́yìn rẹ̀ ni agolo sípírítì tó ní òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn àwọn ológun. Búrẹ́dì níwájú, ọtí lẹ́yìn, ọkọ̀ kan náà ló ń gbé méjèèjì wọ bárékè.

"Mi ò mọ̀ pé ó máa pa á," ni Bàbá Ìjọ ń sọ, ó ti kúnlẹ̀. "Ọtí ò tó ni mo ṣe lú u. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ẹ̀rù bà yín, ẹ wá ní kí wọ́n yìnbọn pa mí," ni Tíṣà wí. Kò pariwo. Gbogbo wa la gbọ́ ọ.

*

Wọ́n tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi de Bàbá Ìjọ. Tíṣà ò dúró gba ẹ pẹ̀lẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó gun òkè padà sínú yàrá rẹ̀, àwa náà tẹ̀ lé e. Ó fọwọ́ kan ìgò ńlá. Ìfófòó ti lọ sílẹ̀, kò hó mọ́.

Kápúténì kọjú sí i. "Ìyáàfin, ẹ máa bá tiyín lọ. Ṣùgbọ́n ẹ da nǹkan inú ìgò yẹn nù. Àṣẹ mi ni pé ohunkóhun tó bá ń kan ò gbọdọ̀ wà nílé ẹnikẹ́ni ní Dióbù."

"Mi ò ní dà á nù."

"Mo ní àṣẹ ni."

"Mo gbọ́ yín, Kápúténì. Èyí tó ń jáde nínú ìgò mi yìí, òun náà ló ń jáde nímú yín báyìí tí inú ń bí yín. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fòfin dè é, ẹ ti imú yín bẹ̀rẹ̀."

Sójà ẹnu ọ̀nà yára kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Èmi ò kọjú síbì kan ní tèmi. Mo fẹ́ rí i dáadáa. Kápúténì wo obìnrin náà, ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò. Lẹ́yìn náà ló gbé fìlà rẹ̀ sórí.

"Ìnsípẹ́kítọ̀," ó ní, "mi ò rí ìgò kankan níbí." Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀gá mi fẹ́ tẹ̀ lé e. Tíṣà na ọwọ́ dí ọ̀nà.

"Ẹ̀yin ń lọ síbo? Ìgò mi ti dákẹ́. Ibiere ló ń fún mi ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu, wọ́n ti Ibiere mọ́lé. Títí wọ́n á fi tú u sílẹ̀, ta ló máa bọ́ irúgbìn mi? Kọ́púrà yìí ti ń mí sí wọn látọjọ́ yìí. Ó kàn yín."

Ọ̀gá mi wò mí. Mo gbójú sókè, mo ń wo àjà. Ó wo ilẹ̀kùn, ọwọ́ Tíṣà Títílayọ̀ ṣì wà níbẹ̀, àpá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ yí ọrùn ọwọ́ náà ká. Ó ṣí fìlà, ó gbé e sábẹ́ apá. Ó bẹ̀rẹ̀ tikùntikùn níwájú fèrèsé, ó ṣí àpótí díẹ̀, ó mí sí i.

"Ó kéré," ni Tíṣà wí. "Ẹ tún un mí."

Ọ̀gá mi tún un mí.